Ìwé Ìrònú Ìparí Sáà: Ẹ Yí Aṣọ Náà Sí Òdì

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Mo mọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín báyìí: káàdì èsì ìdánwò kan, tí ẹ ti wo ipò tí ẹ gbà kí ẹ tó wo ohunkóhun mìíràn nínú rẹ̀, àti abala ìwé funfun kan tí olùkọ́ ní kí ẹ kọ ìrònú yín lórí sáà tó parí sí. Bí ẹ bá wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ti Ìjọ Àgùdà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti mú yín jókòó sínú ilé ìsìn, kí wọ́n sì ti ní kí ẹ dákẹ́ jẹ́ẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà, ẹ gbé bírò, ẹ sì kọ ọ́ báyìí pé: “Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Sáà yìí dára díẹ̀. Ní sáà tó ń bọ̀, màá gbìyànjú sí i.” Ẹ pa ìwé dé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí i padà.

Èmi náà kọ gbólóhùn yẹn fún sáà márùn-ún gbáko nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́. Ní sáà kẹfà, Sísítà tó ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ ìsìn pè mí sí ọ́fíìsì, ó to ìwé márààrún sórí tábìlì, ó fi rúlà gígùn kan bo ọjọ́ tí mo kọ sókè wọn, ó sì ní kí n tọ́ka sí èyí tí mo kọ kẹ́yìn. Mo wò ó títí, mi ò mọ̀ ọ́n. Kò bá mi wí rárá. Ó kàn kó wọn jọ, ó dá wọn padà fún mi, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ìgbà náà ló yé mi pé ìrònú tí kò dárúkọ ọjọ́ kan pàtó, tí kò sì dárúkọ ìbéèrè kan pàtó nínú ìdánwò, àdàkọ lásán ni.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ Àgùdà ń gbà ṣe ìrònú yìí wá láti ọ̀dọ̀ Ẹni Mímọ́ Ignatius ti Loyola, ọmọ Sípéènì tí ọta ìbọn ńlá ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ lójú ogun ní Pamplona ní 1521, tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì wá dá Ẹgbẹ́ Jésù, àwọn tí à ń pè ní Jésúítì, sílẹ̀ nígbẹ̀yìn. Nínú ìwé rẹ̀ lórí ìdánrawò ẹ̀mí, tí wọ́n tẹ̀ ní 1548, ó to àyẹ̀wò ẹ̀rí ọkàn sí ìgbésẹ̀ márùn-ún: kí a dúpẹ́, kí a tọrọ oore-ọ̀fẹ́ láti mọ àṣìṣe wa, kí a yẹ ara wa wò, kí a tọrọ àforíjì, kí a sì pinnu àtúnṣe. Ọdún 1548 yẹn kan náà ni àwọn Jésúítì ṣí ilé ẹ̀kọ́ wọn ní ìlú Messina ní ilẹ̀ Ítálì, nítorí náà kò yani lẹ́nu pé àdúrà yìí àti iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ti di ojúlùmọ̀ ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mi ò ní pẹ́ lórí ìdúpẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo máa sọ: ẹ dárúkọ ènìyàn. “Mo dúpẹ́ fún gbogbo nǹkan” kò ní ẹnikẹ́ni nínú. Ta ló jókòó tì yín lọ́jọ́ tí ẹ kò mọ bí wọ́n ṣe ń to ìdọ́gba kẹ́míkà? Ta ló yá yín ní ìwé tó sì gbàgbé láti béèrè rẹ̀? Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ní ti ìgbésẹ̀ kejì, àdúrà kúkúrú ni; ẹ gbà á bí ó ti wá sọ́kàn yín, kí a máa lọ.

Ó yá, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi wàyí, nítorí ìgbésẹ̀ kẹta, yíyẹ ara ẹni wò, ni gbogbo yín ń bà jẹ́. Gbogbo yín! Olùkọ́ ní kí ẹ yẹ sáà náà wò, ẹ̀yin sì dá a lẹ́jọ́. Ẹ kọ ọ́ pé “mo ṣe ọ̀lẹ,” tàbí pé “mi ò gbọ́n nínú ìṣirò,” tàbí pé “mo ṣe dáadáa gan-an.” Ìdájọ́ ni gbogbo ìyẹn, ẹ sì ti gbé e kalẹ̀ láìpe ẹlẹ́rìí kankan. ÀYẸ̀WÒ KÌ Í ṢE ÌDÁJỌ́. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. “Màá gbìyànjú sí i” ni ọmọdé tó ń wo iwájú. Ẹ padà sẹ́yìn lọ wo ohun tó gbé yín ṣubú, kí ẹ sì sọ orúkọ rẹ̀.

Àpèjúwe tí mo fẹ́ràn jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ti télọ̀. Bí aṣọ bá fún oníbàárà lábíyá, télọ̀ tó mọṣẹ́ kì í bú aṣọ náà, bẹ́ẹ̀ ni kì í búra pé aṣọ tí òun máa rán tẹ̀ lé e yóò dára jù ú lọ. Ńṣe ni yóò yí aṣọ náà sí òdì, tí yóò máa fi ìka tọ ojú ibi tó rán títí yóò fi dé ibi tí òwú ti fa aṣọ jọ, ibẹ̀ nìkan ni yóò sì tú. Káàdì èsì ni ojú aṣọ yín. Ìwé ìdánwò tí olùkọ́ fi bírò pupa máàkì, èyí tí ẹ ká pọ̀ tí ẹ sì tì bọ ìsàlẹ̀ báàgì nítorí ìtìjú, òun gan-an ni òdì aṣọ náà. Ẹ lọ yọ ọ́ jáde. Ẹ kò lè fi káàdì èsì nìkan ṣe iṣẹ́ yìí!

Ẹ jẹ́ kí a fi ìwé ìdánwò ìṣirò kan ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí ẹni tó kọ ọ́ gba 58 nínú 100. Máàkì 42 ló sọ nù, ìbéèrè wa sì ni ibi tí ìkọ̀ọ̀kan wọn gbà lọ. A tọ ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, a sì rí i pé máàkì 9 lọ sórí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní kíláàsì ní ọ̀sẹ̀ tí ara ẹni náà kò yá, tí kò sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́yìn tó padà dé. Máàkì 14 lọ sórí ohun tó kà, tó sì dá a lójú pé òun mọ̀, àmọ́ tó fò lọ nínú yàrá ìdánwò. Máàkì 7 wà lórí ìbéèrè tó kẹ́yìn, tí kò fọwọ́ kàn rárá nítorí pé aago ti lù. Ó wá ku 12. Ẹ wá wo 12 yìí pẹ̀lú mi.

Ibi mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni olùkọ́ ti yọ máàkì méjì méjì. Nínú ìbéèrè kejì, iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀ ni 5 − 2(x − 3), ó sì kọ 5 − 2x − 6. Nínú ìbéèrè kẹrin, irú rẹ̀ náà ló tún ṣe. Nínú ìkarùn-ún ńkọ́? Òun náà ni! Ibi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ohun kan náà ni: àmì àyọkúrò wà níwájú àkámọ́, ó ṣí àkámọ́ náà, kò sì yí àmì tó wà nínú rẹ̀ padà. Ọmọ yìí ti kọ ọ́ sínú ìwé ìrònú rẹ̀ pé òun kò gbọ́n nínú ìṣirò. Irọ́ ni! Àkámọ́ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹni tí kò bá gbọ́n nínú ìṣirò kò mọ ibi tó ti lè bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí àkámọ́ ń yọ lẹ́nu lè jókòó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, kí ó ṣí ogún àkámọ́, kí ó sì gba máàkì 12 rẹ̀ padà.

Ní ti máàkì 14 tó fò lọ, ẹ béèrè bí ẹ ṣe ka ìwé náà kí ẹ tó béèrè bí ẹ ṣe kà á pẹ́ tó. Ní 2006, Roediger àti Karpicke, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá méjì ní Amẹ́ríkà, gbé àwọn ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí wọ́n ti ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ka àyọkà ní àkàtúnkà, tí wọ́n sì ní kí àwọn mìíràn pa ìwé dé kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún un kà ló rántí jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan fi kọjá, àwọn tó pa ìwé dé ló borí. Bí ẹ bá ń ka ìwé tí gbogbo rẹ̀ ń dùn létí yín bí orin tí ẹ mọ̀, ẹ ṣọ́ra, nítorí pé ojú yín ló mọ̀ ọ́n, orí yín kò tíì mọ̀ ọ́n.

Ignatius fúnra rẹ̀ jókòó sínú wàhálà yìí rí. Ó ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè Látìn ní Barcelona. Nígbàkigbà tó bá fẹ́ há gírámà sórí, èrò mímọ́ tó dùn, tó sì jinlẹ̀, á kún ọkàn rẹ̀, kò sì ní lè kàwé mọ́. Èmi àti ẹ̀yin ì bá sọ pé oore-ọ̀fẹ́ nìyẹn. Òun yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, ó sì ṣàkíyèsí pé èrò náà kì í wá tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí òun bá wà nínú àdúrà tàbí nínú Mísà. Àkókò gírámà ni ó máa ń dé. Ó mọ̀ pé ìdẹwò ni. Ó pe olùkọ́ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Santa Maria del Mar, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un, ó sì ṣèlérí pé láàárín ọdún méjì òun kò ní pa kíláàsì jẹ, níwọ̀n ìgbà tí òun bá ṣì rí búrẹ́dì àti omi ní Barcelona. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tó ṣe: ó wo ÀKÓKÒ tí nǹkan náà máa ń ṣẹlẹ̀. Ìgbà wo ni fóònù máa ń wọ ọwọ́ yín? Ọjọ́ wo nínú ọ̀sẹ̀ ni iṣẹ́ àṣetiléwá máa ń bọ́ lọ́wọ́ yín?

Ẹ̀yin tí ẹ gba ipò kìíní, ẹ má tíì dìde. Mi ò ní kí ẹ kẹ́gàn ẹ̀bùn yín. Ìlànà ẹ̀kọ́ tí àwọn Jésúítì gbé jáde ní 1599 pàápàá ní òfin nípa bí a ṣe ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀bùn ní gbangba. Ṣùgbọ́n ẹ tọ máàkì tí ẹ gbà bí àwọn yòókù ṣe ń tọ èyí tó sọ nù. Èwo nínú rẹ̀ ni ẹ ṣèèṣì mú? Èwo ni ẹ lè ṣàlàyé fún ọmọ kíláàsì tó wà lẹ́yìn yín? Àṣeyọrí pàápàá ju ìdánwò lọ: àkọsílẹ̀ tí Ìgbìmọ̀ Vatican Kejì, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù Ìjọ Àgùdà, ṣe lórí ẹ̀kọ́ ní 1965 fẹ́ kí ara, ìwà àti òye ọ̀dọ́ jọ dàgbà pọ̀, nítorí náà ẹ fi ẹgbẹ́ akọrin, pápá eré ìdárayá àti ọ̀rẹ́ tí ẹ là lójú sínú ìṣirò yín.

Ìgbésẹ̀ kẹrin, ìtọrọ àforíjì, kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ kókó méjì wà nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́, ìwé tí olùkọ́ máa kà kì í ṣe ibi ìjẹ́wọ́. Ohun tó jẹ́ ti Fadá nínú ìjẹ́wọ́, ẹ gbé e lọ síbẹ̀. Èkejì, máàkì tí ẹ jí wò kì í ṣe tiyín. Bí ẹ bá jí ìdáhùn wò lára ẹlẹ́gbẹ́ yín, ẹ yọ máàkì náà kúrò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ òdì aṣọ, nítorí pé aṣọ ẹlòmíràn ni ẹ̀ bá máa yẹ̀ wò.

Ó ku ìpinnu. Ẹ̀ ń kọ mẹ́wàá! Màá jí ní kùtùkùtù, màá ka gbogbo ìwé, màá fi fóònù sílẹ̀, màá máa gbàdúrà, màá, màá, màá! Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, gbogbo rẹ̀ ti wọlẹ̀. Ẹ MÚ Ẹ̀YỌ KAN ṢOṢO. Ignatius ní àyẹ̀wò mìíràn tó wà fún àléébù kan péré, ó sì ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé rẹ̀: ìlà méjì fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ti àkọ́kọ́ láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán, èkejì láti ọ̀sán dé alẹ́. Iye ìgbà tí àléébù náà bá ṣẹlẹ̀ ni iye àmì tí ẹ máa tẹ̀ sórí ìlà. Ẹ ó fi ìlà kejì wé ti àkọ́kọ́, ẹ ó fi ọjọ́ wé ọjọ́, ẹ ó sì fi ọ̀sẹ̀ wé ọ̀sẹ̀. Ọmọ tí àkámọ́ ń yọ lẹ́nu á tẹ àmì kan fún gbogbo ìgbà tó bá gbàgbé láti yí àmì padà nínú iṣẹ́ kíláàsì àti nínú iṣẹ́ àṣetiléwá.

Ẹ dá fídíò yìí dúró níbí. Ẹ mú rúlà, ẹ ṣí èèpo ẹ̀yìn ìwé tí ẹ máa lò ní sáà tuntun, kí ẹ fa ìlà mẹ́rìnlá sí i, méjì méjì fún ọjọ́ méje, kí ẹ sì kọ orúkọ ohun kan ṣoṣo náà sí òkè wọn.