Ìlà Kan Kò Tó Ṣe Ìdájọ́: Ìpìlẹ̀ Kíka Log Kànga Epo

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin tí ẹ ti wà lẹ́nu iṣẹ́, mo kí yín. Kànga tí wọ́n ti gbẹ́ ṣùgbọ́n tí wọn kò tíì ki páìpù irin bọ̀ ni ọ̀rọ̀ wa dá lé, àti log rẹ̀, ìyẹn àwọn ìlà tí irin-iṣẹ́ ń yà nípa òkúta bí ó ti ń gba inú kànga náà kọjá. Láti ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Schlumberger ti kọ́kọ́ wọn ìdènà iná (bí òkúta ṣe ń dí iná mànàmáná lọ́wọ́) nínú kànga kan ní Pechelbronn, nílẹ̀ Faransé, lọ́dún 1927, ni irin-iṣẹ́ wa ti ń pọ̀ sí i, síbẹ̀ kò sí ọ̀kan nínú àwọn irin-iṣẹ́ ìpìlẹ̀ tí ó ń rí epo gan-an. Ìtànṣán, ìwúwo, háídrójìn àti ìdènà iná ni wọ́n ń wọ̀n. Àwa tí a ń ka log ni a ó so wọ́n pọ̀.

Caliper, tí ń wọn fífẹ̀ kànga, ni kí a kọ́kọ́ wò, nítorí pé níbi tí ògiri kànga bá ti ya, irin-iṣẹ́ ìwúwo kò ní fara mọ́ òkúta, ẹrẹ̀ ìgbẹ́kànga ni yóò sì máa wọ̀n. Lẹ́yìn náà ni gamma, tí ń wọn ìtànṣán tí òkúta ń tú jáde. Ìlà rẹ̀ máa ń ga nínú shale, tí amọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí potassium, thorium àti uranium. Ó sì máa ń wálẹ̀ nínú iyanrìn tó mọ́.

Irin-iṣẹ́ neutron ń wá háídrójìn. Nítorí pé háídrójìn inú gáàsì kéré, neutron yóò fi àlàfo òkúta (àwọn ihò kéékèèké inú rẹ̀) hàn bíi pé ó kéré, nígbà tí ìwúwo yóò fi í hàn bíi pé ó pọ̀, ìlà méjèèjì yóò sì kọjá ara wọn. Nínú shale, òdìkejì ni a máa ń rí, nítorí omi tí amọ̀ dì mọ́ra.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni ìdènà iná, mo sì fẹ́ kí a dúró níbẹ̀ dáadáa. Omi iyọ̀ inú òkúta ń gbé iná, epo àti gáàsì kì í gbé e. Nítorí náà ni ènìyàn ṣe máa ń sáré pe gbogbo ibi tí ìlà bá ti ga ní epo. Ẹ jẹ́ kí a mú òkúta iyanrìn méjì tí a kà ní 16 ohm-m (òṣùwọ̀n ìdènà iná), tí ìdènà omi inú àwọn méjèèjì sì jẹ́ 0.04, kí a wá lo ìlànà tí Archie gbé jáde lọ́dún 1942 láti fi ìdènà iná ṣírò iye omi inú àlàfo òkúta, pẹ̀lú àwọn nọ́ńbà tí ìlànà náà ń béèrè: m àti n ní 2, àti a ní 1.

Ìwúwo òkúta àkọ́kọ́ jẹ́ 2.32 g/cc (gíráàmù fún sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì kan). Bí a bá yọ ọ́ kúrò nínú 2.65, tí í ṣe ìwúwo iyanrìn fúnra rẹ̀, tí a sì fi 1.65, ìyàtọ̀ tó wà láàárín iyanrìn àti omi, pín in, àlàfo rẹ̀ yóò jẹ́ 0.20. Ìlọ́po 0.20 pẹ̀lú ara rẹ̀ jẹ́ 0.04, bí a bá fi pín ìdènà omi, 1 ohm-m ni yóò kù, èyí tí òkúta náà ìbá ní ká ní omi nìkan ló kún un. Bí a bá fi 16 tí a kà pín 1 yìí, gbòǹgbò onílọ́po-méjì ti 1/16 jẹ́ 0.25: omi gba ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún àlàfo náà, epo tàbí gáàsì ló gba ìyókù.

Ìwúwo òkúta kejì jẹ́ 2.57, àlàfo rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 0.05 lọ. Bí omi nìkan bá kún un, ìdènà rẹ̀ yóò jẹ́ 16 ohm-m, iye tí a kà gan-an. Kò sí epo níbẹ̀ rárá.

Ìṣìnà kejì ni ti iyanrìn tí amọ̀ dà pọ̀ mọ́: amọ̀ náà ń gbé iná, ìlà a sì wálẹ̀ bí epo tilẹ̀ wà níbẹ̀. Ìlànà Archie nìkan kò tó fún irú òkúta bẹ́ẹ̀.

Ìdènà omi fúnra rẹ̀ ńkọ́? Láti inú iyanrìn mímọ́ tó wà nítòsí, tí omi nìkan kún, ni a ti sábà ń rí i. Bí a bá fi 0.08 sí ipò 0.04 nínú òkúta àkọ́kọ́, omi yóò di nǹkan bí ìdá 35 dípò 25, bẹ́ẹ̀ a kò fọwọ́ kan ìlà kankan. Nítorí náà, ẹ máa kọ ibi tí ẹ ti rí iye náà, pẹ̀lú jíjìn rẹ̀ nínú kànga, sí ojú ewé kan náà tí ẹ kọ àbájáde yín sí.