Ìwọ Kò Di Ẹni Ìgbàgbé

Bíbélì kíkà: 2 Sámúẹ́lì 21:10-14

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa.

Orí àpáta ni Rísípà, àlè Sọ́ọ̀lù ọba, tẹ́ aṣọ ọ̀fọ̀ sí, níbi tí òkú àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì wà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ìkórè títí òjò fi rọ̀, ó ń lé ẹyẹ lọ́sàn-án, ó ń lé ẹranko lóru. Ibi tí a kà yìí kò sọ pé ó la ẹnu. Ṣùgbọ́n nígbà tí Dáfídì gbọ́ ohun tó ṣe, ọba dìde, ó lọ kó egungun Sọ́ọ̀lù àti Jónátánì tó ti wà ní Jábẹ́ṣì Gílíádì tipẹ́, wọ́n sì sin wọ́n sí ibojì bàbá Sọ́ọ̀lù. Ìjókòó obìnrin kan ló lé ọba dìde!

Rísípà tiẹ̀ rí òkú ọmọ rẹ̀. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ lọ sógun tí lẹ́tà kò dé, tí òkú kò dé ńkọ́? Wọ́n ní ọmọ ẹni kú, ó yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Ẹni tó kú, a ó sunkún rẹ̀, a ó sì sin ín. Ẹni tó di àwátì, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn ni àyà ará ilé rẹ̀ ń já.

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1970, ọkọ Mary Hoff, awakọ̀ òfuurufú fún ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, di àwátì ní ilẹ̀ Laos nígbà ogun Vietnam. Ìyàwó yìí ló ní àfi kí àwọn tó sọnù àti àwọn tí ọ̀tá mú lójú ogun ní àsíá tiwọn. Newt Heisley, ẹni tó ti wakọ̀ òfuurufú nínú Ogun Àgbáyé Kejì, ló ya á: àsíá dúdú, orí ọkùnrin kan tó tẹ̀ ba, wáyà ẹlẹ́gùn-ún, ilé ìṣọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ bíbí inú rẹ̀, tí àìsàn ti mú kó rù, ló wò tó fi ya ojú ọkùnrin náà. Ẹ fojú inú wò ó: sójà àtijọ́ kan ń wo ọmọ tirẹ̀ nílé, ó ń ya ọmọ ọlọ́mọ tí kò tíì délé. Ó wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, a kò gbàgbé rẹ.

Ọdún 1970 náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fín orúkọ ẹni tó sọnù, ipò rẹ̀ àti ọjọ́ tó sọnù sára ẹ̀gbà ọwọ́. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kì í bọ́ ọ títí onítọ̀hún, tàbí egungun rẹ̀, yóò fi padà wálé. Àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọn kò tíì rí láti ogun Vietnam ṣì lé ní 1,500. Nítorí náà, àwọn sójà àgbà kan wà tí ẹ̀gbà náà ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ọwọ́ ti hunjọ, ẹ̀gbà ti ń yọ̀ wá sẹ́yìn ọwọ́, lẹ́tà orúkọ ti ń pa rẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún irú ẹbí bẹ́ẹ̀ pé kí wọ́n gbé e kúrò lọ́kàn. Ẹ bá wọn dárúkọ ẹni náà. Orúkọ yẹn ni wọ́n ń fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ sọ nínú Àìsáyà 49 pé òun ti fín àwọn ènìyàn òun sí àtẹ́lẹwọ́ òun.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Baba, ìwọ tí òkùnkùn kò ṣú mọ́ lójú, o mọ ibi tí wọ́n wà, nínú igbó ni o, nísàlẹ̀ òkun ni o. Fi ọ̀nà han àwọn tó ń wá wọn.

Olúwa, rántí ìyá tó dàgbà sórí ìdúró, rántí ọmọ tó jẹ́ pé fọ́tò nìkan ló fi mọ bàbá rẹ̀. Má jẹ́ kí wọ́n dá nìkan sunkún.

Sójà tó padà dé tí ẹnìkejì rẹ̀ kò dé, tó ń bi ara rẹ̀ lóru pé kí ló dé tó fi jẹ́ òun ló yè, Jésù, jókòó tì í. Mú ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ kúrò léjìká rẹ̀.

Lónìí yìí, Olúwa, jẹ́ kí ẹbí kan gbúròó ẹni wọn. Ní orúkọ Jésù Kristi. Àmín.