Bí Ayọ̀ Bá Wọlé, Iwájú Orí Ni Kó Kọ́kọ́ Kanlẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, àlàáfíà Ọlọ́hun kó máa bá yín. Ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa. Sùjúdù ọpẹ́, ìyẹn fíforí kanlẹ̀ dúpẹ́ f'Ọ́lọ́hun nígbà tí ayọ̀ bá dé, ni ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí. Ó ń dunni, ẹ jẹ́ ká tètè débẹ̀.

Ìṣílé la rí, ìwúyè la rí, ọkọ̀ tuntun la rí. Àlùfáà ṣàdúà tán, bándì bẹ̀rẹ̀, owó ń fò lójú agbo, Mọgaríbì wọlé, ó sì jáde, onínàáwó ò dìde. Ẹni tí Ọlọ́hun ṣe lóore láàárọ̀ ti gbàgbé Rẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú! Kí ló ṣe wá gan-an?

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, ní pápá Arrowhead ní Kansas City, l'Ámẹ́ríkà, Husain Abdullah, Mùsùlùmí tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Kansas City Chiefs, já bọ́ọ̀lù tí Tom Brady, ajubọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ kejì, jù gbà lójú òfuurufú. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré ni mò ń sọ. Safety ni wọ́n ń pe ipò tirẹ̀: ẹni tó dúró sẹ́yìn jù láàárín àwọn adènà, bí bọ́ọ̀lù bá kọjá rẹ̀, ó parí. Ó gbé e sáré yáàdì 39 dé òpin pápá, ó fi orúnkún méjèèjì yọ̀ lórí koríko, ó sì forí kanlẹ̀ f'Ọ́lọ́hun. Rẹfirí ju aṣọ òfeefèé sílẹ̀, wọ́n fi yáàdì 15 fìyà jẹ ẹgbẹ́ rẹ̀, torí nínú òfin ìgbà náà, agbábọ́ọ̀lù ò gbọdọ̀ wà nílẹ̀ kó máa ṣàjọyọ̀. Lọ́jọ́ kejì, NFL, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù náà, fúnra wọn ní kò yẹ kí wọ́n fìyà jẹ ẹni tó wólẹ̀ nítorí ẹ̀sìn. Husain ní tirẹ̀ ò bínú. Ó ní bóyá torí yíyọ̀ tóun yọ̀ lórí orúnkún ni.

Kì í ṣe ẹ̀sìn ojú ayé o. Lọ́dún 2008, kò sí ẹgbẹ́ tó yàn án nígbà tí wọ́n ń yan àwọn tuntun. Ó jà dé ipò náà ni. Ó ń gba ààwẹ̀ Ramadan nígbà ìgbaradì tó le koko, sààrì tó nípọn ló ń jẹ kílẹ̀ tó mọ́. Nígbà tó di 2012, òun àti Hamza ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tóun náà jẹ́ safety, kò wá iṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ kankan, wọ́n lọ Hájì. Odidi sáà kan! Ẹ̀yin tí owó Hájì wà lọ́wọ́ yín, tí ẹ ní ilé kejì lẹ fẹ́ kọ́kọ́ kọ́, ṣé ẹ ń gbọ́?

Ẹ wá gbọ́ ti Ka'b ọmọ Málíkì, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà Ànábì, bó ṣe wà nínú ìwé hadíìsì Bùhárì àti ti Músílímù. Ó jókòó sílé nígbà ogun Tábúúkù, láìní àwíjàre, kò sì parọ́. Ànábì ní kẹ́nikẹ́ni má bá a sọ̀rọ̀. Àádọ́ta òru! Ó ń kírun láàárín àwọn èèyàn, kò sẹ́ni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó kírun Asùbá tán lórí òrùlé ilé rẹ̀, ayé ti fún un pinpin. Ẹnì kan gun òkè Sal', ó fi gbogbo ohùn ké pé: "Ka'b, yọ̀!" Kò bèèrè nǹkan kan. Ó ti forí kanlẹ̀, torí ó mọ̀ pé ìtura ti dé: Ọlọ́hun ti gba túúbá rẹ̀. Nígbà tí ẹni tó ké dé, ó bọ́ aṣọ méjèèjì tó wà lọ́rùn rẹ̀ fún un, kò sì ní òmíràn lọ́jọ́ náà. Aṣọ àyálò ló wọ̀ lọ bá Ànábì, tí ojú rẹ̀ ń dán bí ẹ̀là òṣùpá. Ó lóun fẹ́ fi gbogbo dúkìá òun ṣe sàráà. Ànábì ní: "Mú díẹ̀ dání, ó dáa fún ọ." Ó mú ìpín rẹ̀ ní Káíbárà dání.

Ìmáàmù Máálíkì ò fẹ́ràn sùjúdù ọpẹ́, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onímọ̀ gba hadíìsì yìí mú. Kọjú sí kíbúlà, kí o lọ sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́. Egungun méje ló gbọ́dọ̀ kanlẹ̀: iwájú orí pẹ̀lú imú, àtẹ́lẹwọ́ méjì, orúnkún méjì, ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjèèjì. Imú tí kò kanlẹ̀ àti ẹsẹ̀ tó gbé sókè ló ń ba ti ọ̀pọ̀ jẹ́. Sọ "Subhaana Rabbiyal A'laa" lẹ́ẹ̀mẹta, dúpẹ́, kí o dìde. Kò sí àtááyá, kò sí sàlámà. Àlùwàlá? Àwọn kan ní dandan ni, àwọn kan ní rárá, torí ayọ̀ kì í sọ tẹ́lẹ̀. Ẹ má fi ìyẹn jà. Ẹni tó ń wá ayàwòrán kó tó wólẹ̀ ló yẹ ká bá jà.

Lẹ́yìn náà, yọ owó sàráà sọ́tọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé ìlù. Bí owó ò bá sì tó méjèèjì, bándì ni kó o fagi lé.