Orin Ló Kọ́kọ́ Gbé Ìtàn Cowboy Kiri

Ẹ kú ìjókòó o. Inú sinimá ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti mọ cowboy: fìlà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ẹṣin, ìbọn ní ìbàdí. Ṣùgbọ́n kí kámẹ́rà tó dé, orin ló ń gbé ìtàn wọn kiri Amẹ́ríkà. Nígbà tí sinimá wá dé, àwọn tó gbọ́n nínú àwọn tó ń ṣe é padà lọ yá ọgbọ́n lọ́wọ́ orin.

Ẹ jẹ́ ká mú Jesse James, ọmọ ìpínlẹ̀ Missouri, tó ń ja báńkì àti ọkọ̀ ojú irin lólè. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 1882, ó gun àga láti nu àwòrán kan lára ògiri ilé rẹ̀, ni Robert Ford, ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, bá yìnbọn fún un láti ẹ̀yìn. Kò pẹ́ rárá tí orin fi jáde. Orin náà ní ó ń gba tọwọ́ olówó fún tálákà. Kò sí ẹ̀rí kankan fún ìyẹn. Ó ní ọmọ mẹ́ta ló fi sílẹ̀, méjì ni. Àmọ́ Howard, orúkọ tí olóògbé fi ń sá pa mọ́, wà nínú orin náà geere, torí òun ló fi bú Ford pé ojo tó pa Ọ̀gbẹ́ni Howard ni. Ohun tó bá máa mú wa káàánú opó, akọrin bù kún un. Ohun tó bá máa mú wa kórìíra ọ̀dàlẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Ẹjọ́ ni wọ́n ń fi orin dá.

Láàárín 1935 sí ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, Gene Autry, akọrin tó ń ṣe cowboy nínú sinimá, àti irú rẹ̀ á jà tán nínú fíìmù, wọn á gbé gìtá. Ó dùn, n ò jiyàn, àmọ́ ẹ yọ orin náà kúrò, ìtàn á ṣì máa lọ.

Fíìmù High Noon, ní 1952, yàtọ̀. Will Kane, olórí agbófinró ìlú kékeré kan, ẹni tí Gary Cooper ṣe, ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó tán nígbà tí wọ́n ní ọ̀daràn tó rán lẹ́wọ̀n ń bá ọkọ̀ ojú irin ọ̀sán gangan bọ̀. Ìyàwó rẹ̀, tí ẹ̀sìn rẹ̀ kọ ìbọn, ní bí kò bá bá òun lọ, òun á dá lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ohùn Tex Ritter ti ń kọrin, a ò sì rí i títí fíìmù fi parí. Kane ń ti ilé ọtí bọ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń wá ẹni tó máa bá òun dúró. Wọ́n ń yẹra. Kò sọ inú rẹ̀ fún ẹnì kankan. Orin ló ń bá a sọ ọ́, bíi pé òun gan-an ló ń kọ ọ́, ìyàwó rẹ̀ ló sì ń bẹ̀, pé kó má fi òun sílẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ojú wa ń wo akíkanjú. Etí wa ń gbọ́ ọkọ ìyàwó tí ẹ̀rù ń bà. Ká ní Cooper ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ni, ẹ̀rín là bá rín. Dimitri Tiomkin, tí wọ́n bí ní Ukraine, ló ṣe orin fíìmù náà. Ó gba Oscar méjì.

Ní 1959, akọrin Marty Robbins yí i sódì: ó kó odidi fíìmù sínú orin kan. El Paso ni orin náà, orúkọ ìlú kan ní Texas; ó gùn ju ìṣẹ́jú mẹ́rin àbọ̀ lọ, ó sì dé ipò kìn-ín-ní ní 1960. Ọkùnrin kan fẹ́ràn Feleena, ọmọbìnrin tó ń jó nílé ọtí Rosa. Ó pa ẹlòmíì nítorí rẹ̀, ó jí ẹṣin, ó sá lọ sí New Mexico. Títí dé ibẹ̀, ohun àtijọ́ ló ń rántí. Àmọ́ bó ṣe forí lé ilé, ìtàn bọ́ sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́: ó ti dé orí òkè, ó ń wo ìlú nísàlẹ̀, ọta ti wọ̀ ọ́ lára, ó kú sọ́wọ́ Feleena. Ta ló wá ń kọrin fún wa?

Robbins kò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1966 ó ṣe orin tó ju ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ nípa Feleena, láti ìgbà tí wọ́n bí i títí tó fi yìnbọn pa ara rẹ̀. Ní 1976, nínú El Paso City, ọkùnrin kan wà nínú bàálù lókè ìlú náà, ó rántí orin àtijọ́ kan, ó ń bi ara rẹ̀ bóyá òun ni cowboy yẹn tó tún ayé wá. Ìyẹn náà dé ipò kìn-ín-ní láàárín orin country.