Ẹ jẹ́ kí ariwo máa bá orin yín rìn
Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ki earphone bọ etí ná, torí spíkà fóònù ò lè gbé ohun tá a fẹ́ gbọ́ lónìí jáde dáadáa.

Ẹ gbọ́: ṣṣṣṣṣ. Híìsì nìyẹn. Láyé tẹ́ẹ̀pù gbogbo sítúdíò ló ń bá a jà, kódà nígbà tí ẹnjiníà Ray Dolby dá ilé iṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ ní 1965, bí wọ́n ṣe máa dín híìsì tẹ́ẹ̀pù kù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní báyìí tí kọ̀ǹpútà ti gbà wá lọ́wọ́ ẹ̀, àwa náà la tún ń wá a kiri, torí tí akọrin bá dánu dúró láàrin orin, ibẹ̀ á kàn ṣófo lójijì bíi pé wọ́n pa iná. Híìsì díẹ̀ lábẹ́ ẹ̀ ló ń so gbogbo ẹ̀ pọ̀.

Àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn kàn máa ń da ariwo lé orin látìbẹ̀rẹ̀ dópin ni. Kò ní pẹ́ tí etí á fi gbàgbé ẹ̀, ìdọ̀tí nìkan ló máa kù. Ó gbọ́dọ̀ máa bá orin rìn.

Ẹ wo snare yìí, ìlù tó máa ń dún gan-an-ran nínú bíìtì, ó dún kó, ó tán. Mo wá fi white noise, ìyẹn ariwo ṣṣṣ tó ní ohùn ìsàlẹ̀ àti tòkè nínú, sábẹ́ ẹ̀ lórí tráàkì míì, mo fi fílítà gé gbogbo ohùn tó rẹlẹ̀, ìyẹn èyí tó wà nísàlẹ̀ 2 kHz, kúrò, mo fi gate, tó dà bí ilẹ̀kùn fún ohùn, sí i, mo sì ní kí gate yẹn máa gbọ́ snare: snare lù, gate ṣí, ariwo jáde, gate tì. Kàṣṣ! Ẹ ò rí i? Snare inú ẹ̀rọ ìlù Roland TR-808 tó jáde ní 1980 pàápàá, white noise wà nínú ẹ̀.

Híìsì tẹ́ẹ̀pù ńkọ́, èmi máa ń fi sidechain, ìyẹn kí ohùn kan máa darí òmíì, so ó mọ́ kick, ìlù ńlá tó ń dún gbì, ni, kick bá dún, híìsì á fà sẹ́yìn, tó bá kọjá tán á tún gòkè, orin á wá máa mí. Ẹ gbé fáídà híìsì, ìyẹn ohun tó ń gbé vólúùmù ẹ̀ sókè sódò, wálẹ̀ títí ẹ ò fi ní gbọ́ ọ mọ́, kẹ́ ẹ wá gbé e sókè díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá mute ẹ̀ tẹ́ ẹ sì rí i pé nǹkan kan ti kúrò, ó ti tó nìyẹn. Kí limiter, tó ń tẹ ibi tó dún jù mọ́lẹ̀ kí gbogbo orin lè dún sókè, ti wà lórí mix o, torí ó máa fa híìsì yẹn sókè.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù: kí chorus tó wọlé, ẹ máa ṣí fílítà ariwo yẹn díẹ̀díẹ̀ kó máa gòkè, kẹ́ ẹ wá gé e lójijì ní bíìtì tó kẹ́yìn. Chorus á dún tóbi láìjẹ́ pé ẹ fi kún vólúùmù ẹ̀ rárá. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ láìsí ariwo, lẹ́yìn náà màá fi sí i.