Òórùn Nìkan Kọ́ ni Agbára Ewé

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ mú ewé tááìmù kan, kẹ́ ẹ rún un láàárín ìka méjì. Kíá ni òórùn á gba imú yín. Tẹ́ ẹ bá wá fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo èyí tẹ́ ẹ ò tíì rún, ẹ ó rí àpò òróró kéékèèké lára rẹ̀, rogodo, tó ń dán bí ìrì. Àpò yẹn lẹ fọ́.

Inú rẹ̀ ni thymol àti carvacrol wà, èròjà olóòórùn méjì. Ọmọ ìyá ni wọ́n: kábọ́nù 10, háídrójìn 14, ọ́síjìn 1. Ibi tí ọ́síjìn yẹn jókòó sí nìkan ni wọ́n fi yàtọ̀ síra. Háídrójìn tó so mọ́ ọ́síjìn ọ̀hún gan-an ló ń ṣiṣẹ́. Òróró tó bá pẹ́ nínú afẹ́fẹ́ a máa bàjẹ́, torí mólékù tí ẹ́lẹ́kítírónì rẹ̀ kan ò ní ẹnìkejì á já háídrójìn gbà lára èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn náà á yíjú sí òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa já a gbà lọ. Thymol á yọ tirẹ̀ sílẹ̀, ìjà á dúró.

Ṣùgbọ́n ti ewé inú igbó yàtọ̀. Ní gúúsù Faransé, nítòsí Saint-Martin-de-Londres, tááìmù ìsàlẹ̀ àfonífojì, níbi tí òtútù ti ń mú gidi, kì í sábà ní thymol. Linalool, èròjà olóòórùn mìíràn, àti irú rẹ̀ ló pọ̀ lára wọn. Ti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè olókùúta ló ní thymol àti carvacrol. Orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́! Ẹni tí kò bá kọ ibi tó ti já ewé sílẹ̀ ti pàdánù ìdajì iṣẹ́ rẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù ni omi. Tí wọ́n bá ti fi ooru yọ òróró tán, ọ̀pọ̀ a máa da omi pupa rẹ́súrẹ́sú tó kù nísàlẹ̀ ìkòkò nù, torí kò ta sánsán. Bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ ni èròjà tí wọ́n ń pè ní rosmarinic acid wà, tí wọ́n kọ́kọ́ yọ lára ewé rosemary ní 1958. Kì í bá ooru fò, omi ló ń yọ́ sí. Ibi mẹ́rin ló ti lè yọ háídrójìn sílẹ̀. Thymol ní ẹyọ kan péré.

Ọdún 1958 yẹn náà ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Marsden Blois gbé ọ̀nà ìdánwò DPPH jáde, tí wọ́n fi ń mọ bí nǹkan ṣe lè yọ háídrójìn sílẹ̀ tó. Aró elése àlùkò ni DPPH. Ẹ kán omi ìkòkò yẹn sí i, kẹ́ ẹ máa wò ó: á máa ṣí díẹ̀díẹ̀ títí á fi di yẹ́lò. Ẹ̀rọ á sì fi ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ gùn ní nánómítà 517 wọn ìṣísí náà.

Inú ìgò nìyẹn ṣá o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí aró tó ṣí sọ fún aláìsàn pé ewé yìí á wò ó sàn. Ìfun àti ẹ̀dọ̀ ti máa ń yí rosmarinic acid padà kó tó rìn jìnnà nínú ẹ̀jẹ̀.