Lítíọ́mù Inú Omi Epo Rọ̀bì

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀bá títì ní Ouando, Àjàṣẹ́ wa níbí, ni mo wà. Ẹ wo àwọn ìgò kpayo, epo fàyàwọ́ ẹ̀bá títì, tó tò lọ rẹrẹẹrẹ. Zémíjàn kan, ọlọ́kadà akérò, yà, ó ra epo, ó bá tirẹ̀ lọ. Èkejì kọjá, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn: bátìrì ló ń lò. Lítíọ́mù ló wà nínú bátìrì yẹn, bẹ́ẹ̀ sì ni kànga epo náà lè pèsè lítíọ́mù.

Epo rọ̀bì kì í dá jáde. Àwọn tó fa epo nínú òkun Sèmè láti 1982 títí di 1998 mọ̀ ọ́n: omi iyọ̀ a máa bá a wá, omi tó ti ń fa èròjà lára àpáta láti àìmọye ọdún. Bí kànga bá ti ń darúgbó ni omi ń pọ̀ sí i. Ẹrù ni fáwọn elépo. Owó ni wọ́n fi ń tì í padà sábẹ́ ilẹ̀. Àfi ìgbà tó di 2024, táwọn onímọ̀ ilẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà ṣírò pé omi inú àpáta Smackover, ní Arkansas, ní lítíọ́mù tó tó mílíọ̀nù 5 sí 19 tọ́ọ̀nù.

Báwo ni wọ́n ṣe ń yọ ọ́? Ẹ má rò ó bíi tàwọn obìnrin Djègbadji, lẹ́bàá Ouidah, tó ń se omi títí iyọ̀ á fi kù nísàlẹ̀ ìkòkò. Ẹ se omi epo bẹ́ẹ̀, gbogbo iyọ̀ á jáde pọ̀, lítíọ́mù á pòórá sáàárín wọn. Àwọn hóró wẹ́wẹ́ kan ni wọ́n ń lò. Lítíọ́mù ló kọ́kọ́ ń gbé inú hóró náà. Wọ́n fi ásíìdì lé e jáde, ààyè rẹ̀ ṣófo. Bí omi bá gba ibẹ̀ kọjá, lítíọ́mù nìkan ni ààyè náà gbà dáadáa. Sódíọ̀mù inú iyọ̀ tóbi jù, ìta ló ń kù sí. Wọ́n á tún fi ásíìdì fọ hóró náà, lítíọ́mù á bọ́, wọ́n á da èròjà sódà sí i, lítíọ́mù á di ìyẹ̀fun funfun, á sì silẹ̀.

Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú ìyókù epo kúrò o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ hóró á dí. Bí lítíọ́mù bá sì kúrò tán, omi ṣì jẹ́ omi iyọ̀, ó ṣì ń padà sábẹ́ ilẹ̀. Ẹni tó bá ní wọ́n ti sọ ọ́ di omi mímu, ẹ ní kó kọ́kọ́ mu ún.

Sèmè tiwa ńkọ́? Kì í ṣe gbogbo kànga ni lítíọ́mù inú omi rẹ̀ ń pọ̀ tó èyí tó lérè. Kí wọ́n bu omi rẹ̀, kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Ìgò kpayo kan ti tó.